Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jẹun Tán Ni

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù Kìíní, Jayéọlá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Apple Junction, ó jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Iṣẹ́ àtúnṣe AC ló ń ṣe. Bó ṣe jẹun tán ni wọ́n pè é pé kó sáré wá wo ọ̀kan nílé alájà kan tó wà lójú pópó kejì. Mọ̀nsúrát, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, bu omi fún un.

"Jẹ́ kí n dé ná," ni Jayéọlá wí, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Kò dé mọ́. Irin tó fẹsẹ̀ tẹ̀ lára ògiri ló já. Kí Mọ̀nsúrát tó débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn, ó káwọ́ lérí, ó ń pariwo: "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni o! Kò tíì mumi! Ẹ gbọ́ mi, kò tíì mumi!"

Dammy, ọmọkùnrin àdúgbò kan tó máa ń gbé fídíò apanilẹ́rìn-ín jáde, wà láàárín èrò. Ó gbé fóònù sókè, ó ká a, ó sì gbé e sórí ìkànnì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án lọ. Òkú kò sí nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń pariwo nìkan ló wà níbẹ̀.

Wọn ò tíì ṣe fídáù ọjọ́ ogójì tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan fi jẹ góòlù mẹ́fà, tí ẹnì kan sì fi ojú Mọ̀nsúrát sábẹ́ èsì náà: *Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni o!* Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, ó di sítíkà fún ẹni tí ìpè àsùbáà bá lórí oúnjẹ sààrì. Nínú gúrúùpù àṣàlátù tiẹ̀ gan-an, Alhaja kan fi í ránṣẹ́, ó sì yára pa á rẹ́. Mọ̀nsúrát ti rí i. Bí epo bá gbówó lórí, ojú rẹ̀ ni. Bí iná bá lọ, òun náà ni. Nígbà òjò, wọ́n ti fi ìlù sí ohùn rẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ń jó o kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ó lọ ra òwú àti síìpù ní Trade Fair lóṣù Kẹjọ, ó sì rí ara rẹ̀ lára tíṣáàtì tí wọ́n fi kọ́ níwájú ìsọ̀ kan. Clement, ẹni tó ń tà á, rẹ́rìn-ín sí i.

"Màdámù, ẹ mú kan. Ó ń tà gan-an."

"Ta ni obìnrin yẹn?"

"Èmi ò mọ̀ ọ́n o. Àwọn ará orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni."

Láti ibẹ̀ ló ti gba ilé Dammy lọ. Dammy dọ̀bálẹ̀ sínú eruku gbalaja.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ti yọ ọ́ kúrò látoṣù Kẹta. Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́."

"Kí lo rí níbẹ̀ tó pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Àǹtí. Mo kàn ká a ni."

Mọ̀nsúrát ò mọ ohun tó fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ṣe. Ó ní kó dìde, ó sì padà sílé.

Toyibat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní pólì, wá fún ìsinmi lóṣù Kẹwàá. Fóònù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé wọn ní Raji Rasaki Estate, ó ń dún ṣáá. Mọ̀nsúrát gbé e kó lè mú un fún ọmọ náà. Gúrúùpù kíláàsì wọn ló ṣí sílẹ̀. Sítíkà náà wà níbẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fóònù máa ń wà.

"Ìwọ lo fi èyí ránṣẹ́?"

Toyibat dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá mi, gbogbo wọn ló ń lò ó. Tí mi ò bá lò ó, wọ́n á béèrè ìdí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Mi ò lè máa sunkún níwájú wọn, Màmá."

Ó wá bú sẹ́kún. Ó yẹ kí Mọ̀nsúrát gbá a mọ́ra. Kò lè na ọwọ́ sí i.

Lóṣù Kejìlá, ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì to àwọn ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù lọ́dún náà. Pásítọ̀ tó yọ̀ ṣubú sínú odò ìrìbọmi ló gba ipò kìíní, ewúrẹ́ tó wọ báńkì ló ṣe ìkejì. Mọ̀nsúrát ló ṣe ìkẹta. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan béèrè pé, *Kí ló tiẹ̀ ṣe màmá yìí gan-an?*

Láti oṣù Kìíní, kò sí ẹni tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mọ̀nsúrát ti aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ń fi ìka kan tẹ ìdáhùn: *Èmi ni obìnrin yẹn. Ọkọ mi ló já bọ́ láti òkè ilé lọ́jọ́ náà. Jayéọlá lorúkọ rẹ̀. Òun ni mò ń sọ pé kò tíì mumi.* Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó má bàa sí àṣìkọ. Ó fi ránṣẹ́.

Ẹni tó béèrè náà ló kọ́kọ́ fèsì: *Ẹ ò ní fi ẹ̀rín pa wá o! Apá kejì ńkọ́?* Òmíràn ní, *Gbogbo èèyàn ló ti fẹ́ di màmá yìí báyìí.* Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn tó lé nígba ti rẹ́rìn-ín sí i.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣí i mọ́ lọ́dún náà. Toyibat ló ń dá aṣọ ọdún padà fún àwọn oníbàárà láìrán. Àwọn kan bínú. Obìnrin kan gba léèsì rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Kí ló ṣe màmá ẹ?"

"Ara wọn ò yá ni, mà," ni Toyibat wí, ó gbé báàgì, ó kọjá sí ilé tó kàn.