Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Àgbàdo

Bí wọ́n bá pe ẹbí jọ lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè nílé Bàbá Adégbóyèga, olórí ẹbí, ní Òsí, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́dún 1979 yìí, orí Ìbídùnní ni wọ́n pe ìpàdé lé. Ó jókòó lórí ẹní. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n máa dá a padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin lónìí, wọ́n á sì gba Bọ́sẹ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ́wọ́ rẹ̀.

Keziah, ìyá ọkọ rẹ̀, ló gbẹ́nu lé e. “Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi n'Íbàdàn, yàrá àgbàdo ló ń sùn. Àárín àgbàdo! Nínú ulé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́! Ùwọ Ìbídùnní, kí ló ṣe ọ́?”

Ilésanmí, ọkọ Ìbídùnní, tí kì í bẹ̀rù ejò lóko, ń wolẹ̀ bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Apẹ́ńdíìsì ni ẹbí gbọ́ pé wọ́n gé. Irọ́ ni. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ti ń bá a fínra tipẹ́ ló ba ìfun rẹ̀ jẹ́. Àwọn dókítà gé e, wọ́n yọ ẹnu rẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, wọ́n so àpò mọ́ ọn kí ìgbẹ́ máa bọ́ sínú rẹ̀. Dókítà ní wọ́n lè máa bá ara wọn sùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú ló ń ti Ilésanmí. Ó fi Bíbélì mú aya rẹ̀ búra pé kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá àgbàdo, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra. Àìmọye ìgbà ni Ìbídùnní ti kan ilẹ̀kùn yẹn, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé ara ọkọ òun ń wu òun. “Mò ń rùn,” ni yóò dáhùn láti inú yàrá.

“Ìyàwó,” Bàbá Adégbóyèga bi í, “ṣé ìwọ lo lé ọkọ rẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì?”

Ìbídùnní wo ọkọ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Inú bí i, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é.

“Èmi ni, Bàbá.”

Keziah pàtẹ́wọ́. “Ẹ ti gbọ́! Kó lọ dẹrù rẹ̀! Ẹ bá mi mú Bọ́sẹ̀dé wá!”

“Irọ́ ló ń pa.”

Ilésanmí ti dìde. Ó ká bùbá rẹ̀ dé àyà, gbogbo wọn sì rí àpò náà. Keziah figbe ta. Ẹnì kan nínú ẹbí fọwọ́ bo imú. Ilésanmí rí i, omi lé ròrò sí i lójú, síbẹ̀ kò sọ bùbá náà kalẹ̀.

Bàbá Adégbóyèga yíjú sí Ìbídùnní. “O mọ̀ nípa èyí? Kò sì kó ọ nírìíra?”

“Bàbá, ẹ bá mi bi í,” ni ó wí, “ẹ bi í pé ta ló ń ti ilẹ̀kùn.”

Ilésanmí tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá àgbàdo, ó sì nà án sí aya rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí.