Àsíá Há sí Agbedeméjì Òpó

Okùn náà kọ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Lusekelo ọlọ́pàá tún fà á. Àsíá fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn, ó sì dúró síbi tó wà, ní agbedeméjì òpó, bí ewúrẹ́ tó fẹsẹ̀ tilẹ̀ lọ́nà ọjà.

Irú èèmọ̀ wo tún nìyí? Gbogbo títì ti dúró. Ó ti fọn fèrè àkọ́kọ́ bí ọlọ́pàá ṣe máa ń fọn ọ́n nírọ̀lẹ́, ẹni tó ń rìn ti dúró, ẹni tó ń wakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì. Fèrè kejì ló máa tú wọn sílẹ̀, fèrè kejì kò sì gbọdọ̀ dún àfi tí àsíá bá ti balẹ̀ sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn nílùú kékeré náà létí adágún Nyasa, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí.

"Ta ló kú?" ẹnìkan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà. "Ṣé ẹ ò rí i pé ìdajì òpó ni wọ́n fi í sí?"

"Panu mọ́, kí wọ́n má baà fi tìẹ ṣe ìkejì."

Ìgbà náà ni obìnrin kan kérora. Lusekelo yí ojú, kò yí ọrùn. Lórí ọ̀kadà tí Ambakisye ń wà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tupokigwe tẹ̀ba síwájú pẹ̀lú oyún, omi ti rin ìró rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbá a mú látẹ̀yìn. Ìyá wọn, Subilaga, tó fẹsẹ̀ sáré tẹ̀ lé wọn, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé ìwòsàn wà lórí òkè, wọ́n ń rí i láti ibi tí wọ́n dúró sí. Ọ̀nà míì kò sí.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," ìyá náà pè é jẹ́jẹ́. "Ẹsẹ̀ ọmọ ló ti yọ."

Ara Lusekelo bù máṣọ. Nígbà tí àbúrò òun fúnra rẹ̀ bí òkú ọmọ, àwọn àgbà ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bí agbè náà bá wá fọ́ ńkọ́? Bó bá fọ́ síwájú rẹ̀, tóun di okùn mú?

Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́. Afande Mkude, ọ̀gá wọn, dúró gbagidi, ó gbọ́wọ́ sí iwájú orí, ó ń kí àsíá.

"Afande, okùn ti há."

"Fà á."

"Mo ti fà á tì. Ẹ jẹ́ kí n tú wọn sílẹ̀, ẹnìkan ń rọbí."

"Àsíá wà lókè, o fẹ́ fọn fèrè? Tí wọ́n bá bí ẹ dáadáa, fọn ọ́n."

Lusekelo fọn ọ́n.

Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n wo àsíá, wọ́n wo Afande.

"Ẹ máa lọ!" Lusekelo pariwo. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Mo ti fọn ọ́n!"

Ambakisye di ọwọ́ ọ̀kadà mú pinpin. Oṣù tó kọjá, Afande mú kó kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ níbí yìí kan náà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹ́ kó tó kú. "Ọ̀gá, ẹ má bínú," ó ní. "Tí wọ́n bá mú mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bá mi kúnlẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún débi egungun. Lusekelo so okùn mọ́ òpó, ó kẹ̀yìn sí àsíá, ó fo gọ́tà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀kadà náà látẹ̀yìn tòun ti àwọn tó wà lórí rẹ̀.

"Ṣáná sí i!"

"Ọ̀gá..."

"Ṣáná sí i, mo ní! Èmi ni mo rán ọ!"

Ẹ́ńjìnnì dún. Ọ̀kadà gun òkè náà pẹ̀lú èéfín. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí àwọn aláṣọ funfun sáré jáde, tí wọ́n gbé Tupokigwe wọlé. Títì wá tú ká, kò sẹ́ni tó kí ẹnìkejì rẹ̀.

Afande sọ̀kalẹ̀ wá bá a. "Wo aṣọ ọrùn ẹ yẹn dáadáa lálẹ́ òní," ó ní. "Ó lè máà jẹ́ tìẹ mọ́ lọ́la." Ó wọlé, ó gbá ilẹ̀kùn dé gbàà.

Lusekelo padà sídìí òpó. Ó tú okùn tó ti so mọ́ ọn. Subilaga ṣì wà níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ máa gòkè lọ bá wọn."

"Mò ń lọ. Ẹsẹ̀ mi ló ní kí n mí díẹ̀ ná." Ó wo àsíá lókè. "Èyí ńkọ́? Ṣé bẹ́ẹ̀ lo máa fi í sílẹ̀?"

Ó di apá kan okùn mú fún un, Lusekelo ń mi apá kejì, títí ohun tó há fi tú. Àsíá sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn, etí rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan erùpẹ̀, ìyá náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Wọ́n ká a, igun mọ́ igun, bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ tó gbẹ lórí okùn. Ìyá náà dúró lójijì, ó tẹ́ etí aṣọ náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ṣé ìlà yẹ́lò wà nínú ẹ̀ ni?"

"Ó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, ìyá."

"Hẹn-ẹ́n." Ó fọwọ́ tọ ìlà náà. "Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wá sílé ọkọ nílùú yìí ni mo ti ń dúró fún un, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò."

Ó kó àsíá lé e lọ́wọ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì kọrí sí òkè. Lusekelo kò tíì lè wọlé. Ó ń wo títì tó ti ṣófo, ó ń gbìyànjú láti rántí ẹyọ ojú kan, ẹyọ kan péré, tó ti rí ṣáájú òní tó gbójú sókè bóun ṣe ń fa okùn náà. Kò rántí ẹnì kankan.