Obìnrin Tó Ń Ran Òwú Lára Ìkòkò Omi

Ọgbọ̀n ọdún ni Likinos ti ń ya àwòrán sára ìkòkò ní àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Áténì, síbẹ̀ kò sí ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Orúkọ Eudikos, ọ̀gá rẹ̀ tó ń mọ ìkòkò, ni wọ́n ń kọ. Kò dun Likinos. Ẹni tó bá ti rí etí róbótó àti ìka gígùn tó ń yà, ó ti mọ ọwọ́ ẹni tó yà á.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti ọdún méjì. Ó ṣì lè fi dúdú kun gbogbo àyíká àwòrán, àmọ́ ìlà tín-ín-rín ti ju agbára rẹ̀ lọ. Fanilis ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a fà á nínú àgbàlá wọn, ní ìkọ̀kọ̀. Bí Eudikos bá gbọ́ ńkọ́? Ta ló ń gba ayàwòrán tí kò ríran síṣẹ́? Ẹ̀rù yìí ni Likinos ń bá jẹ búrẹ́dì àti èso ólífì lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Eudikos gbé ìkòkò omi kan wọlé tọ̀ wọ́n wá.

"Likinos, obìnrin tó ń ran òwú yìí, ìwọ lo yà á?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"O ò yà á. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́ lo ti ń ya ìrànwú gbòdì. Ìyá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú, ó ní àwọn obìnrin Likinos ò ní rí aṣọ wọ̀ láéláé. Àmọ́ láti ọdún méjì, òwú ti ń ràn. Èyí kì í ṣọwọ́ ọkùnrin."

Irọ́ ti sú Likinos.

"Ìyàwó mi ni. Ojú mi ti ń lọ, ọ̀gá." Ó yíjú sí Fanilis. "O rí i pé mò ń yà á gbòdì, o ò sì sọ fún mi?"

"Baálé mi, ṣé ẹ bi mí ni?"

Eudikos rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Àwọn obìnrin ti ń jà du ìkòkò wọ̀nyí lọ́jà. Láti ọ̀la, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa wá síṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó tira wọn níbi iṣẹ́. Likinos ń kun dúdú, inú rẹ̀ ń dùn, kò tún sí ohun tó ń fi pa mọ́.

"Baálé mi, ẹ ti kun wọ àtàǹpàkò ọmọbìnrin yìí o."

Likinos bá fọwọ́ pa á rẹ́ wéré.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí fún ìyàwó rẹ̀, kò sì fi ṣeré.