Àwòrán Tó Wà Níwájú Pósí

Láti ọjọ́ tí Khuê ti fojú kan ẹ̀rọ tó ń tún àwòrán ṣe náà ni ara ti ń fu ú. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwòrán tí wọn yóò máa tan tùràrí sí níwájú lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló sì lọ yà. Ní etí odò Cái Bè, àgbà tó gbọ́n kì í fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọmọ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Thoa, ni wọ́n jọ lọ ya tiwọn.

Dũng ayàwòrán tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń ronú bí ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó bó àwọ̀ Khuê nínú àwòrán náà, ó sọ imú rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, ó pa àmì dúdú ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ rẹ́. Kí ni àmì yẹn ṣe fún un?

"Ta nìyí?" Khuê béèrè.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ẹ ò rí bẹ́ ẹ ṣe rẹwà!"

"Èmi kọ́. Tọ́kọ mi tó ti kú bá wá jẹun níbi pẹpẹ òkú wa, tó wá bá ọmọge yìí ńbẹ̀, ṣé ò ní rò pé òun ṣìlé ni?"

Thoa rẹ́rìn-ín títí. "Jẹ́ ó ṣìlé! Bóyá ibẹ̀ á tiẹ̀ tù ú lára ju ọ̀dọ̀ ẹ lọ."

"Màmá, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyí," ni Diễm, ọmọ Khuê tó sìn wọ́n wá, wí. "Ta ló fẹ́ máa wo ojú tó hun jọ lórí pẹpẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá rẹ̀ gan-an. Yẹtí kan ṣoṣo tó kù sí etí ọ̀tún Khuê nìkan ni ẹ̀rọ kò fọwọ́ kàn. Èkejì ti bọ́ sódò tipẹ́. Nígbà tí àwòrán délé, Diễm kò tú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e. Ó tì í sínú kọ́bọ́ọ̀dù, torí wọn kì í gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín bá wà láàyè.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Thoa kú.

Khuê sunkún wọlé òkú. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí àwòrán tó wà níwájú pósí: yẹtí kan ṣoṣo, ní etí ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: òun ni wọ́n ń tan tùràrí fún!

Ó fa Phúc, àkọ́bí Thoa, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwòrán mi lẹ gbé síbẹ̀ yẹn. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tìyá ẹ wà nílé mi."

Phúc wo àwòrán, ó wò ó. "Ìyá, ẹ má bínú. Ṣé mi ò wá ní mọ ìyá tó bí mi ni?"

"Wo yẹtí yẹn!"

"Ẹ̀rọ yẹn ló fi sí i. Ó máa ń ṣe ènìyàn lọ́ṣọ̀ọ́."

Khuê wo àwọn tó ń tẹrí ba. Aládùúgbò láti ogójì ọdún ni wọ́n, ẹnì kan kò sì fura. Níbo ni Thoa yóò dúró sí tí wọ́n bá pè é wá jẹun níbi pẹpẹ? Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rù ara rẹ̀ sì bà á.

Ìgbà náà ni Diễm wọlé. Ọkàn Khuê balẹ̀ díẹ̀. Ọmọ tí òun bí kò lè ṣàì mọ òun. Diễm tan igi tùràrí mẹ́ta, ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà pẹ́, ó sì nu omijé.

"Bùọ̀dá Phúc," ó wí, "ẹ ṣé tẹ́ ẹ lo àwòrán yìí. Ìyá yín gan-an nìyí."