Ìgò Tí Wọ́n Dá Padà

"Kí lọmọ yìí mu gan-an?" Nọ́ọ̀sì Dorothy tún bèèrè. Mahfuz, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń jà pìtìpìtì lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ẹ̀rúnmu. Itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀ bí ọṣẹ, epo pupa sì ti bo gbogbo àyà rẹ̀.

"Ọ̀tápíápíá ni, mà," Àsmá'ù, ìyá rẹ̀, dáhùn tẹkúntẹkún. "Ó rò pé yọ́gọ́ọ̀tì ni."

"Èwo nínú ẹ̀? Kí ni wọ́n fi pò ó?"

Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ Hàjàrá, aládùúgbò wọn. Òun ló tà á. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ra oògùn kòkòrò ní kẹ́ẹ̀gì n'Íbàdàn, tó ń bù ú sínú ìgò yọ́gọ́ọ̀tì fún àwọn tó kó ẹ̀wà pamọ́ sílé. Tirẹ̀ ni ìgò. Bí o bá lò ó tán, kí o dá a padà. Wọ́n ti sọ fún un rí pé kó lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òórùn rẹ̀ ti tó ìkìlọ̀. Háà, fún ọmọ ọdún mẹ́ta!

"Mi ò mọ̀, Nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe tà á fún mi lèmi náà ṣe ń tà á."

"Ta ló wá ní kẹ́ ẹ rọ epo fún un? Ó ti bì í, ó sì ti fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró!"

Hàjàrá náà ni. Òun ló gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó fi tipátipá la ẹnu rẹ̀, tó ń pariwo pé epo lẹ̀rọ̀ májèlé.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn. Wọn ò tíì kọjá Olódò tí ọmọ náà fi mí kanlẹ̀, tí kò sì mí mọ́.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Hàjàrá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kò lè ṣí kẹ́ẹ̀gì. Ó ń retí èébú, ó ń retí ọlọ́pàá. Ó tilẹ̀ ń wù ú kí ẹnìkan gbá òun létí. Kò sẹ́ni tó wá. Kádàrá ni, gbogbo àdúgbò ló ń wí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àsmá'ù wọlé, tó kúnlẹ̀ kí i bó ti máa ń ṣe.

"Ẹ má bínú, ìyá, ó pẹ́ díẹ̀. Ìgò yín rèé. Mo ti fọ̀ ọ́ dáadáa."

Hàjàrá gbà á. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Lára ìgò náà, àwòrán ọmọdé kan ń rẹ́rìn-ín, ó gbé yọ́gọ́ọ̀tì sẹ́nu.