Ẹndọ́ọ̀sìmẹ́ntì Ìyàwó Télọ̀

Télọ̀ kan wà tí gbogbo oníbàárà ń pè ní Ẹ-Wá-Lọ́la. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí kò ní bi mí ní ìdí rẹ̀. Ipò alága ẹgbẹ́ télọ̀ wá wọ̀ ọ́ lójú, ó wù ú dé egungun. Ìyàwó rẹ̀ ló sì kọ́ ìdajì ẹgbẹ́ níṣẹ́. Ẹni tí obìnrin yẹn bá tì lẹ́yìn ni yóò wọlé.

Ẹ-Wá-Lọ́la bá gba ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé lọ. Ó ní kí wọ́n fi fọ́tò ìyàwó òun sórí pósítà, kí wọ́n kọ "ẹndọ́ọ̀sìmẹ́ntì" gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀.

Atẹ̀wé yọjú lókè gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Àtìlẹ́yìn ni. Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Àtìlẹ́yìn téèyàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba ni. Kéèyàn kàn fẹ́ràn yín lásán ò tíì tó. Ṣé màdámù ti sọ ọ́?"

"Inú ilé mi kọ́ ló ń gbé ni? Tẹ̀ ẹ́, jàre!"

Atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, pósítà ti bo gbogbo ògiri àdúgbò, ọkùnrin wa sì ti ń dá àwọn èèyàn lóhùn bí alága.

Lọ́jọ́ ìpàdé, akọ̀wé ẹgbẹ́ na pósítà kan sókè. "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ èyí?"

Obìnrin náà yẹ ara rẹ̀ wò nínú fọ́tò. "Mo mà rẹwà o! Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Ẹ-Wá-Lọ́la, àyà rẹ̀ sì já, nítorí ó rí i pé ipò ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó dìde. "Ìyá àwọn ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé wàá tì mí lẹ́yìn?"

"Bàbá wọn, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ká ní ẹ béèrè lóṣù tó kọjá ni, kíá ni ǹ bá gbà." Ó yíjú sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. "Ìyá tó ń rán aṣọ ilé-ìwé, tóun náà ń du ipò yìí, wá bá mi nílé lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó, ó sì bẹ̀ mí. Òun ni mo tì lẹ́yìn, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo yín báyìí."

"Nílé wa? Ìgbà wo ló wá?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ tiẹ̀ ní kó wá lọ́la."