Owó Idẹ Ọwọ́ Merle

Luther ò tíì mu kọfí rẹ̀ dé ìdajì tí Merle fi gbé owó idẹ náà lé e ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá. Ẹ má pè mí ní òpùrọ́ o."

Sẹ́ńtì méjì ọdún 1864 ni. Luther fa awò tó fi ń wo ohun kékeré yọ, ó sì wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ọ̀já tó wà lókè owó náà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó rí tín-ín-rín. Háà! Òun gan-an ni: èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rọ kí wọ́n tó sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá. Láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí Luther ló ti ń wá a káàkiri Pennsylvania.

"Níbo lo ti rí i?"

"Nínú àpótí jákujàku ní ṣọ́ọ̀bù Alvin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Luther gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ tú àpótí yẹn! Kò tilẹ̀ yọ awò síta, torí ta ló ń wá ohun gidi nínú jákujàku? Merle yìí wá ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì, tí kò mọ orí owó yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ kí Luther tó kọ́ ọ! Kí ni Ọlọ́run ń rò ná? Ìlara kún inú Luther, ó ti ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Merle gba owó rẹ̀ padà, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Àmọ́ ó dúdú, ọ̀gá. Tí mo bá gbé e lọ síbi àfihàn owó àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án yìí, wọn ò ní fi mí ṣẹ̀sín? Ṣé kí n fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ díẹ̀ ni?"

Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fọ owó. Dúdú yẹn niyì rẹ̀. Ẹni bá fọ̀ ọ́ ti bà á jẹ́ títí ayé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Luther máa ń kọ́ ẹni tuntun nìyẹn.

"Fọ̀ ọ́," ni Luther wí. "Jẹ́ kó dán."

Merle wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ síta.

Ẹyin lohùn. Luther gbé àkàrà èso ápù tó kù síwájú, kò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó pe fóònù Merle, ó dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ó ṣáà ti pè é, àbí? Ilé Merle ò ju òpópónà kejì lọ, ṣùgbọ́n Luther ò dìde lórí àga.

Lọ́sàn-án, èrò ti bo tábìlì Merle nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Luther gba àárín wọn kọjá. Ká sòótọ́, ó ń retí ohun tó ń dán ni. Owó idẹ náà wà níbẹ̀, ó dúdú bó ṣe wà láàárọ̀. Alvin dúró tì í, ó káwọ́ lérí. "Èmi ni mo tà á o! Èmi ọ̀dẹ̀ yìí!"

"O ò fọ̀ ọ́," ni Luther wí.

Merle bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Ẹ rò pé mo ti gbàgbé ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́ mi? Bí mo ṣe délé ni mo sọ fún Edna ìyàwó mi pé ọ̀gá tún ti ń dán mi wò. A rẹ́rìn-ín débi pé a ò gbọ́ fóònù." Ó kọjú sí àwọn èrò, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Luther. "Ọ̀gá mi nìyí o! Ohun tí mo mọ̀, òun ló kọ́ mi."

Wọ́n ń bọ Luther lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì.

"Ọ̀gá," ni Merle wí, ojú rẹ̀ ń dán bíi tọmọdé, "mo yege, àbí n ò yege?"

"O yege," ni Luther dáhùn. Òun nìkan ló mọ̀ nínú gbogbo gbọ̀ngàn náà pé ẹnì kan fìdí rẹmi láàárọ̀.